Àyè Inú Chip: Bí A Ṣe Ń Tún Heap Tò Lẹ́yìn Tí Framework Bá Yí Padà

Láàárín oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, àwọn onímọ̀ nípa ojú-ọjọ́ kó ẹ̀rọ wá sí Savè, ìlú Sábẹ, ní àárín gbùngbùn Benin. DACCIWA ni wọ́n pe iṣẹ́ ìwádìí náà. Ibùdó mẹ́ta ni wọ́n yàn lórí ilẹ̀: Savè, Kumasi ní Gánà, àti Ilé-Ifẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìkúukùu òru ni wọ́n ń ṣọ́, èyí tí atẹ́gùn tútù láti ìhà òkun máa ń bá dé, tí yóò bo ojú sánmà mọ́lẹ̀ títí di ọ̀sán kí oòrùn tó tú u ká. Wọ́n ń fi bàlúùnù ránṣẹ́ sókè, wọ́n ń fi rádà wo inú ìkúukùu, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n sì palẹ̀ mọ́ nígbà tí àsìkò wọn pé.

Lẹ́yìn irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kékeré tí kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró ló kù fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Savè ní ibùdó ojú-ọjọ́ ìjọba, ọ̀kan nínú mẹ́fà tí Benin fi ń sọ ojú-ọjọ́ rẹ̀ fún ayé, pẹ̀lú Cotonou, Bohicon, Parakou, Natitingou àti Kandi. Ṣùgbọ́n òjò ilẹ̀ wa kì í pín dọ́gba. Lábẹ́ Savè kan náà, èyí tó rọ̀ ní Plateau lè má kan Ofè, èyí tó rọ̀ ní Ofè lè má dé Kaboua. Àgbẹ̀ tó ń ronú ọjọ́ tí òun yóò gbin àgbàdo nílò òǹkà òjò oko tirẹ̀, ti àárín ìlú kò tó o.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Espressif ti Shanghai gbé chip ESP32 jáde, tí WiFi àti Bluetooth wà nínú rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo irú iṣẹ́ tí a lè fi ṣe ní Ofè. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké wà nínú oko, wọ́n ń wọn òjò àti ooru, wọ́n sì ń sùn láàárín ìwọ̀n kan sí èkejì kí bátìrì wọn lè pẹ́. Ẹ̀rọ kan tí kì í sùn wà nínú ilé kan: òun ló ń gba ìròyìn àwọn tó wà lóko, tó ń kó o jọ, tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì MTN, Moov tàbí Celtiis fi ránṣẹ́ sí server. Mo fẹ́ràn irú iṣẹ́ yìí gidigidi, mo sì gbà pé ó yẹ kó wà ní gbogbo abúlé tí òjò ń pín oúnjẹ fún.

Ẹ̀rọ inú ilé yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Àwọn tó ń sùn lóko bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro tí mo fẹ́ sọ, nítorí pé nígbàkúgbà tí ESP32 bá jí láti inú oorun àsùnwọra, mẹ́mọ́rì rẹ̀ ti nù kúrò, àfi ìwọ̀nba kékeré kan tí a yà sọ́tọ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tí kì í sùn kò ní àǹfààní yẹn. Bí ó bá da mẹ́mọ́rì rẹ̀ rú lónìí, pẹ̀lú ìdàrú náà ni yóò fi ṣiṣẹ́ lọ́la.

520 KB ni mẹ́mọ́rì ESP32. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ní 4 GB ju ìlọ́po 8,000 rẹ̀ lọ. Nínú 520 KB yẹn, a ya 200 KB sọ́tọ̀ fún kóòdù tó gbọ́dọ̀ yára, 320 KB tó kù sì jẹ́ ti dátà. Nínú 320 KB yìí náà, 160 KB ni òpin ohun tí a lè pín sílẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àbọ̀ kejì, pẹ̀lú ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù nínú àbọ̀ àkọ́kọ́, ni heap: àyè tí ètò ń yá nígbà tó bá nílò rẹ̀, tó sì ń dá padà nígbà tó bá lò ó tán. Bí WiFi bá tan, inú heap ló ti ń gba àyè. Bí a bá ń fi ìròyìn ránṣẹ́, heap náà ni. FreeRTOS, ètò tí Richard Barry bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, tó ń pín àkókò chip láàárín iṣẹ́ oríṣiríṣi, ń gba stack iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àyè tí iṣẹ́ náà ń lò fúnra rẹ̀, láti inú heap yìí kan náà.

Ẹni tó ń pín heap nínú ESP-IDF, framework Espressif fúnra rẹ̀, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ètò wa ń jókòó lé, ni TLSF. Masmano, Ripoll, Crespo àti Real, àwọn olùwádìí Yunifásítì Politẹ́kíníìkì ti Valencia ní Spéìn, ló gbé ọgbọ́n ìpín yìí jáde ní ọdún 2004. Ó ń to àwọn àyè òfìfo sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n wọn, kí ó má baà máa wá kiri nígbà tí ètò bá béèrè. Bí àyè méjì tó fara kanra bá ṣófo, yóò so wọ́n pọ̀. Ó yára, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó ṣí ohun tí ètò ń lò lọ́wọ́ kúrò níbi tó wà, nítorí pé àdírẹ́sì ibẹ̀ ni ètò mú dání. Bí ìwọ̀nba 40 báìtì bá jókòó sáàárín àyè ńlá méjì, àyè méjì ni wọn yóò máa jẹ́ títí 40 báìtì yẹn yóò fi kúrò.

Ènìyàn lè ní hẹ́kítà ilẹ̀ mẹ́wàá káàkiri Ofè, kí díẹ̀ wà létí ọ̀nà, kí díẹ̀ wà láàárín oko kajú ẹlòmíì, kí díẹ̀ wà lẹ́bàá odò. Lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ fi hẹ́kítà mẹ́ta lójú kan kọ́ ilé-ìwé, kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sì purọ́ pé òun ní mẹ́wàá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú heap gan-an nìyẹn. Ká sọ pé òfìfo jẹ́ 70 KB, ṣùgbọ́n tí èyí tó tóbi jù lójú kan jẹ́ 14 KB. Ẹ̀rọ fẹ́ bá server sọ̀rọ̀ lórí HTTPS. Òfin TLS, ààbò inú HTTPS, gba ìdìpọ̀ ọ̀rọ̀ kan láàyè láti tó 16,384 báìtì, nítorí náà mbedTLS, láíbírì tó ń ṣe iṣẹ́ ààbò yìí, sábà máa ń béèrè àyè tó ju 16 KB lọ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi gba ọ̀rọ̀ wọlé. 70 KB wà nílẹ̀, 16 KB kò sí. Nọ́ńbà -32512 ni yóò jáde nínú log, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé TLS kò rí mẹ́mọ́rì gbà. Ẹni tó bá wo òfìfo nìkan yóò máa fi ẹ̀sùn kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń yọjú lẹ́yìn ìyípadà framework? Espressif ń tọ́jú ẹ̀dà ESP-IDF kọ̀ọ̀kan fún oṣù 30. Ìtọ́jú ẹ̀dà 4.4 parí ní oṣù keje ọdún 2024, orí rẹ̀ sì ni Arduino-ESP32 ẹ̀dà 2, ìyẹn Arduino fún chip yìí, jókòó lé. Arduino-ESP32 3.0, tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ti bọ́ sórí ESP-IDF 5.1. Ẹ̀rọ tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì kò yẹ kó dúró sórí ẹ̀dà tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́, nítorí náà dandan ni ká ṣí lọ sórí ẹ̀dà tuntun.

Nígbà tí a bá ṣí, compiler yóò pariwo nípa ohun tó rí. ledcSetup àti ledcAttachPin ti lọ, ledcAttach ló rọ́pò wọn. timerBegin ń béèrè frequency báyìí. Wàhálà ọjọ́ kan nìyẹn, ó sì tán. Heap ni kò sí ẹni tó ń pariwo nípa rẹ̀. mbedTLS ti bọ́ láti ẹ̀dà 2 sí 3. Iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wọ inú láíbírì tuntun tí wọ́n pè ní Network. Kóòdù framework fúnra rẹ̀ lè fẹ̀ sí i, kí ó sì jẹ lára àyè tó jẹ́ ti heap tẹ́lẹ̀. Àwọn láíbírì tí kì í ṣe ti Espressif pàápàá ń yí padà ní àkókò kan náà. ArduinoJson 7, tó jáde ní ọdún 2024, sọ gbogbo irú document tó ní tẹ́lẹ̀ di JsonDocument kan ṣoṣo tó ń gba àyè nínú heap. Orúkọ àtijọ́, StaticJsonDocument, ṣì ń kọjá pẹ̀lú ìkìlọ̀ lásán. Ẹni tó ti fi í pa dátà rẹ̀ mọ́ sórí stack fún ọdún púpọ̀ yóò rí i pé inú heap ló wà báyìí, tí òun kò sì fọwọ́ kan ìlà kan nínú kóòdù òun.

Nítorí èyí ni iṣẹ́ ìtúntò heap fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí a tó yí framework padà rárá. Nọ́ńbà mẹ́ta ni à ń kọ sílẹ̀. Èkíní ni òfìfo lápapọ̀, tí ESP.getFreeHeap ń sọ. Èkejì ni iye tó kéré jù tí òfìfo ti já sí rí láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti tan, ìyẹn ESP.getMinFreeHeap. Ẹ̀kẹta ni àyè tó tóbi jù lójú kan, tí ESP.getMaxAllocHeap ń fi hàn, òun ni mo sì kà sí ọba nínú wọn. Ẹni tó ń lo ESP-IDF ní tààrà yóò bá wọn pàdé lábẹ́ orúkọ heap_caps. A ó gba àwọn nọ́ńbà yìí nígbà tí ètò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan, nígbà tí WiFi bá ti so, lẹ́yìn ìròyìn HTTPS àkọ́kọ́, àti lẹ́yìn ọjọ́ kan gbáko. Lẹ́yìn náà la ó yí framework padà, a ó sì gbà wọ́n ní àwọn ibi kan náà láìfi nǹkan mìíràn kún un. Ẹni tó bá yí framework, láíbírì àti kóòdù tirẹ̀ padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò ní mọ èyí tó jẹ òun ní àyè.

Kí ẹnikẹ́ni má fòyà bí ESP32 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan bá sọ pé àyè tó tóbi jù lójú kan kò ju 100 KB àti díẹ̀ lọ, bí òfìfo tilẹ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe chip náà nìyẹn: heap rẹ̀ pín sí agbègbè mélòó kan láti ilé-iṣẹ́ wá, nítorí pé ROM àti àwọn mìíràn ní ibi tí wọ́n gbà láàárín.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ńbà àtijọ́ àti tuntun ló ń sọ ibi tí a ó wò. Bí òfìfo bá ti dín kù láti ìgbà títan, kóòdù àti àyè àìyẹsẹ̀ ló gbòòrò. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn WiFi ló já, àyè tí WiFi fi ń gba ọ̀rọ̀ ni ká wò. Bí òfìfo bá ń dín kù wákàtí dé wákàtí tí kò padà sókè, ohun kan ń yá àyè tí kò dá a padà. Bí òfìfo bá dúró gbọn-in, ṣùgbọ́n tí àyè tó tóbi jù lójú kan ń rọra kéré sí i, mẹ́mọ́rì ń já sí wẹ́wẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń pa ẹ̀rọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí ẹni tó gbé e kalẹ̀ ti padà sí Cotonou.

Ìtọ́jú mẹ́mọ́rì tó ń já sí wẹ́wẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lórí òfin kan: ohun tí yóò pẹ́, kí ó tètè wọlé, ohun tó tóbi, kí á má ṣe máa dá a padà. String ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń kọ ìròyìn òjò pẹ̀lú += ń fi orúkọ ibùdó sí i, ó ń fi aago sí i, ó ń fi ìwọ̀n òjò sí i, ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá sì ti kún ibi tó wà, ó lè ní láti kó lọ sí ibi tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn. Lójoojúmọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò bẹ́ẹ̀. Ó sàn ká ní array char kan tí a pín sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ká sì máa fi snprintf kọ ìròyìn kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi String sílẹ̀, kí ó pe reserve lẹ́ẹ̀kan nínú setup, kí ó sì máa lo String kan náà títí.

Ohun kan tún wà nípa String tó ń dùn mí. Bí new kò bá rí àyè, ètò yóò kú lójú ẹsẹ̀, chip yóò sì tún ara rẹ̀ tan. A ó mọ̀. Bí += kò bá rí àyè, kò ní sọ̀rọ̀. Ohun tí a fẹ́ fi kún un kò ní wọlé, ètò yóò sì máa lọ. Ìròyìn tó yẹ kó jẹ́ òjò mílímítà 42 lè dé server láìní ìwọ̀n òjò nínú rárá. Ẹ̀rọ tó kú tó sì jí sàn ju ẹ̀rọ tó ń sọ ìdajì òtítọ́ lọ, pàápàá nígbà tí ẹnì kan fẹ́ gbé irúgbìn rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà.

TLS ló kàn. Bí server bá jẹ́ tiwa, kí a ṣí ọ̀nà HTTPS nígbà tí heap ṣì mọ́ roro, kí a sì mú un dání; setReuse wà nínú HTTPClient fún èyí. Ẹni tó ń ṣí i, tó ń tì í ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún ń béèrè àyè ńlá lọ́wọ́ heap ní gbogbo ìgbà, ìgbà kan yóò sì wà tí ìdáhùn yóò jẹ́ rárá. Nínú ESP-IDF a lè dín 16 KB ìgbọ́rọ̀wọlé náà kù, ṣùgbọ́n kí a ṣe é níbi tí a ti mọ̀ dájú pé server kò ní fi ìdìpọ̀ tó ju bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. WiFi náà ní àyè àìyẹsẹ̀ mẹ́wàá fún ọ̀rọ̀ tó ń wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ nǹkan bí 1.6 KB; ẹ̀rọ tó ń fi ìròyìn òjò ránṣẹ́ lè fi èyí tó kéré sí i ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń lo Arduino IDE lásán kò lè fọwọ́ kan ìwọ̀nyí, nítorí pé Espressif ti compile láíbírì yẹn tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n lo Arduino gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà kan nínú ESP-IDF, níbi tí menuconfig ti ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Bluetooth kò pẹ́ láti sọ: bí a kò bá lò ó, kí a tú mẹ́mọ́rì rẹ̀ sílẹ̀. Arduino ń ṣe é fúnra rẹ̀ bí kò bá rí láíbírì Bluetooth nínú ètò. Nínú ESP-IDF tí Bluetooth wà ní títan, àwa fúnra wa la ó tú u sílẹ̀. Bí a bá nílò BLE nìkan, láíbírì NimBLE fúyẹ́ ju láíbírì Bluedroid lọ.

PSRAM, mẹ́mọ́rì àfikún, náà wà, 4 MB tàbí 8 MB lórí module WROVER, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń sá lọ síbẹ̀ kíákíá. Ó dára fún àwòrán tàbí àkójọ ìròyìn ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ó lọ́ra ju mẹ́mọ́rì inú lọ, DMA ESP32 kò sì lè lò ó. Nínú ESP-IDF, ìbéèrè tí kò tó 16,384 báìtì ṣì ń lọ sí mẹ́mọ́rì inú bí a kò bá yí ìlànà náà padà, nítorí náà String kéékèèké tó ń fọ́ heap yóò ṣì máa fọ́ ọ lọ.

Stack nílò sùúrù. Task tí loop Arduino ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 8,192 báìtì. uxTaskGetStackHighWaterMark yóò sọ iye tó ṣẹ́ kù nígbà tí stack náà kún jù. Ó wuni láti gé stack kúrú kí heap lè fẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyípadà framework, TLS lè wọ inú stack jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí a wọ̀n ọ́n lẹ́yìn HTTPS, kì í ṣe kí WiFi tó so. Bí chip bá sì ń kú ní ibi tí kò bójú mu, tí ìdí rẹ̀ kò sì yé ẹnikẹ́ni, kí a tan heap poisoning, kí a sì máa pe heap_caps_check_integrity_all. Ó lè jẹ́ pé kóòdù kan ń kọ̀wé kọjá ààlà àyè rẹ̀.

Yàrá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára ní gbogbo ìgbà kò ní fi àbùkù ẹ̀rọ yìí hàn. Ìgbà tí WiFi bá já tó tún so, tí TLS bá kú láàárín ọ̀nà, tí ìròyìn kò lọ tó sì ń jọ dúró, ni heap máa ń dàrú. Nítorí náà kí a máa yọ router kúrò lára iná, kí a dá a padà, kí a tún yọ ọ́, kí a jẹ́ kí server má dáhùn fún wákàtí kan, kí a wá wo nọ́ńbà mẹ́ta yẹn. Bí àyè tó tóbi jù lójú kan bá padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìyà yìí, ẹ̀rọ náà lè lọ sí Ofè.

Kí ó má sì lọ láìní ọ̀nà àbọ̀. ESP32 lè gbé ẹ̀dà ètò méjì sí flash rẹ̀. Bí a bá tan rollback nínú bootloader, ẹ̀dà tuntun tí a fi íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ara òun yá; bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kí chip tó tún tan, ẹ̀dà àtijọ́ yóò padà sí ipò. Èrò mi ni pé kí ẹ̀rí yẹn má ṣe jẹ́ WiFi nìkan. Kí ètò fi ìròyìn kan ránṣẹ́ lórí HTTPS, kí ó gba ìdáhùn, kí ó sì wo àyè tó tóbi jù lójú kan kí ó tó sọ pé òun dára. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn tún ara rẹ̀ tan ní gbogbo òru. N kò bá wọn jà, bí esp_reset_reason bá wà nínú ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́, tí a fi lè mọ òru tí wọ́n tún un tan yàtọ̀ sí òru tó kú fúnra rẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́ta náà kò ju báìtì díẹ̀ lọ. Kí wọ́n máa bá ìwọ̀n òjò lọ nínú ìròyìn kọ̀ọ̀kan, kí server sì tètè pe ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ nígbà tí àyè tó tóbi jù lójú kan bá sọ̀kalẹ̀ sí 24 KB, nígbà tí TLS ṣì lè rí 16 KB rẹ̀ gbà, tí ẹ̀rọ náà sì ṣì lè gbọ́ àṣẹ láti ọ̀nà jíjìn.